Kọ́kípíìtì Àyálò: Èsì fún Ẹni Tó Ní Géèjì Ò Ṣe Nǹkan Kan

 Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì jẹ akápò ní owó ìtẹ̀jáde tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ san án. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí gùn díẹ̀, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ bá dé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ le jù, ẹ ní sùúrù kí ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó wá bá mi jà.

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, ọ̀kan nínú wa kọ̀wé nípa géèmù ogun òfúrufú tí àwa kan ń tún ṣe ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí inú ìkòkò kan náà la ti jọ ń jẹun. Ó ní a ti kun bàálù MiG-17 ní àwọ̀ Nàìjíríà, a ti ya òrùka aláwọ̀ ewé àti funfun sí ìyẹ́ rẹ̀, ìbọn ń dún, bọ́ǹbù ń jábọ́, kí ló tún kù? Ó ní èmi tí mo jókòó ti géèjì inú kọ́kípíìtì fún oṣù méjì, àìríṣẹ́ṣe ló ń dà mí láàmú. Ó wá fi gbólóhùn kan dé e ládé: géèmù ni géèmù ń jẹ́, ta ló ń wo géèjì?

Èmi ni mò ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Fún àwọn tí kò mọ nǹkan tí à ń wí: IL-2 Sturmovik ni géèmù náà ń jẹ́. Ilé iṣẹ́ Maddox Games ní Rọ́ṣíà ló ṣe é. Ó kọ́kọ́ jáde ní 2001, nígbà tó di 2006 wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹ̀dà kan tí wọ́n pè ní IL-2 1946. Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n láti 2007 ni àwọn ọmọ aráyé ti jálẹ̀kùn rẹ̀ wọlé, tí oníkálùkù ń fi bàálù tó wù ú kún un. Géèmù àgbàlagbà ni. Ìdí tí àwa ọmọ tálákà fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ tó ti rẹ̀. Tèmi, èbúté Apapa ló gbà wọlé bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2005, àjọ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù l'Ékòó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé nǹkan bí 500 kọ̀ntẹ́nà ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò sọ fún wọn pé nínú ẹrù mẹ́rin, mẹ́ta lè jẹ́ pàǹtírí tí kò ṣeé tún ṣe. Mo dúpẹ́ pé ìdá kan tó kù ni tèmi bọ́ sí.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bí bàálù tuntun nínú géèmù yìí. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á kọ́kọ́ ya ara bàálù náà, ìyẹ́, ìrù, táyà. Á kùn ún. Á fún un ní ìwúwo àti agbára. Ìyẹn lè gba oṣù mélòó kan. Kó tó wá kan inú, ibi tí awakọ̀ máa jókòó sí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí ló máa ṣe? Á yá inú bàálù mìíràn lò. Ó dà bí ẹni tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta tán, tó wá lọ ká ilẹ̀kùn aládùúgbò wá kàn mọ́ ọn. Kọ́kípíìtì àyálò nìyẹn.

MiG-17 tí àwa rí gbà, ìta rẹ̀ dára, mi ò ní parọ́. Àmọ́ wọnú rẹ̀ kí o wo iwájú. Kọ́kípíìtì bàálù Amẹ́ríkà kan ni wọ́n yá sí i. Géèjì eré ń ka máìlì, géèjì gíga ń ka ẹsẹ̀ bàtà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ojúlówó MiG tí Rọ́ṣíà ṣe, kìlómítà àti mítà ni wọ́n fi ń ka tiẹ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ẹni tó yá a gbé ìṣirò kìlómítà fún abẹ́rẹ́ tó dúró lórí ojú géèjì máìlì. Mo fi eré 400 kìlómítà fò, abẹ́rẹ́ tọ́ka sí 400. Ẹni tó bá gba ojú géèjì yẹn gbọ́, 400 máìlì ló máa rò pé òun ń sá, ìyẹn nǹkan bí 644 kìlómítà. Bó bá fẹ́ balẹ̀, á rò pé eré òun ti pọ̀ jù, á dín in kù, á tún dín in kù, títí atẹ́gùn ò fi ní lè gbé ìyẹ́ rẹ̀ mọ́. Gbì, ó ti wà nílẹ̀.

Géèjì gíga ní tiẹ̀ ń ka ẹsẹ̀ bàtà tó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kàwé pé mítà ni MiG ń kà á rí 1,000, á rò pé 1,000 mítà ló wà lábẹ́ òun. Nǹkan bí 305 mítà péré ló wà níbẹ̀. Bó bá dorí bàálù kodò láti yìnbọn, kó tó pe Jésù, ó ti wọlẹ̀ lọ. Àwọn géèjì yòókù ńkọ́? Àwòrán lásán ni wọ́n. Géèjì epo wà ní ìdajì kí n tó gbéra. Mo fò, mo fò, títí epo fi tán, tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lọ́wọ́ lókè. Ìdajì ṣì ló wà.

Ọ̀rẹ́ mi, o ní lẹ́tà pupa wà nísàlẹ̀ lápá òsì tó ń kọ eré, gíga, àti ibi tí bàálù kọjú sí, pé kí la tún fẹ́ fi géèjì ṣe. Ṣé o gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ? Ẹ́kísípò ni lẹ́tà pupa yẹn. Ẹnì kan ló dúró sẹ́yìn rẹ tó ń ka ìdáhùn sí ọ létí, o wá ń sọ pé kí la fẹ́ fi ìbéèrè ṣe. O tún ní F2 ni ìwọ máa ń tẹ̀ ní tìrẹ, kí o lè máa wo bàálù láti ìta bí ẹni ń wo sinimá. Kò burú. Ìgbà náà, má pè é ní bàálù tí o wà. Ẹni tó dúró sí bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù tó ń wo dánfó kì í ṣe dírẹ́bà.

Tí mo bá sì dárúkọ dánfó, mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára. Kò sí lójú kọ̀ǹpútà rárá. Creek Road ló wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ajegunle sí Apapa mọ ibi tí mò ń wí. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ ṣáà ro ọ̀nà kan tó lọ sí ẹnu èbúté, tí tírélà àti táńkà ń jà du pẹ̀lú dánfó, ọ̀kadà àti ẹlẹ́sẹ̀, tí kòtò rẹ̀ ní orúkọ. Oṣù Kejì 2021 ni wọ́n gbé ètò kan dé tí wọ́n ń gbà pe tírélà wọ èbúté lórí ẹ̀rọ, tí orúkọ rẹ̀ náà ń jẹ́ Ètò. Kó tó di ìgbà yẹn, tírélà lè tò sórí títì fún ọjọ́ gbọọrọ. Awakọ̀ á sùn sábẹ́ ọkọ̀, á wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á se ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

Ní 2019, Bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ ìyá mi, ń wa dánfó láti Boundary gba Creek Road lọ sí Apapa. Háyà-pọ́ṣéèsì ni wọ́n fi gba ọkọ̀ náà. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún ẹni tó ni ín, ó ku oṣù mẹ́rin péré kó di tiwọn. Owó tí mo máa fi wọ yunifásítì, inú dánfó yẹn ló wà. Kò sí ibòmíràn tó wà.

Géèjì tó ń wo gbígbóná ẹ́ńjìnnì wá kú. Mẹkáníìkì kan, mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, yọ òmíràn lára bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti pa tì, irú ọkọ̀ mìíràn pátápátá, ó so ó mọ́ ti Bọ̀ọ̀dá mi. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Inú Bọ̀ọ̀dá mi dùn. Wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Ẹ́ńjìnnì mi tutù bí omi àmù."

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀sán gangan, gọ́-síló ká wọn mọ́ àárín tírélà méjì lórí Creek Road. Wọ́n jókòó síbẹ̀ tó wákàtí méjì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n wo géèjì: àárín. Ìyá kan tó jókòó níwájú ní òun ń gbóòórùn nǹkan tó ń jóná. Bọ̀ọ̀dá mi tún wo géèjì: àárín. Wọ́n ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, tírélà iwájú yẹn ni." Ìgbà tí èéfín máa yọ lábẹ́ ìjókòó, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Àwọn èrò ń fò jáde láti fèrèsé, abẹ́rẹ́ ò mira. Àárín náà ló wà.

Ẹni tó ni ọkọ̀ gba ọkọ̀ rẹ̀. Èmi jókòó sílé fún ọdún kan gbáko.

Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ kan, mo tẹ̀lé Bọ̀ọ̀dá mi lọ sọ́dọ̀ rẹ́wáyà kan tí àwa ń pè ní Bàbá Rẹ́wáyà, tí wọ́n máa ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì, àwọn àti bátìrì ọkọ̀ méjì àti wáyà tó lọ́ bí ìfun ẹran. Wọ́n ní kí n lọ tọrọ omi gbígbóná lọ́wọ́ onítíì. Wọ́n so géèjì yẹn mọ́ bátìrì, wọ́n ri ẹnu sẹ́ńsọ̀ bọ inú omi tó ń hó. Abẹ́rẹ́ lọ sí àárín. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tì í bọ píọ́wọ́tà tútù. Abẹ́rẹ́ rìn díẹ̀ padà, kò rìn jìnnà. Wọ́n wò mí lójú. "Ọmọ ìwé, géèjì yìí ò bàjẹ́ o. Sẹ́ńsọ̀ yìí náà ò bàjẹ́. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn ni. Èyí ń sọ Haúsá, ìyẹn ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbóná sí i ni ìdènà iná tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ ń yí padà. Géèjì ń wo iye iná tó kọjá, ó sì ń sọ ọ́ di igun tí abẹ́rẹ́ máa yí sí. Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní géèjì tí wọ́n ṣe é fún. So ti ọkọ̀ kan mọ́ ti òmíràn, abẹ́rẹ́ á rìn, á sì dúró síbi tó dára lójú. Géèjì tó kú ì bá sàn fún wa. Ká ní géèjì ti kú ni, Bọ̀ọ̀dá mi ì bá máa sọ̀ kalẹ̀ wo rẹdiétọ̀ bí gbogbo dírẹ́bà tí géèjì wọn ti kú ṣe ń ṣe ní Èkó. Nítorí pé abẹ́rẹ́ yẹn ń rìn ni wọ́n ṣe gbà á gbọ́.

Bàbá Rẹ́wáyà tún sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé àwọn tó ń ta ọkọ̀ tókùnbọ̀ máa ń wá bá àwọn pé kí àwọn yọ gílóòbù iná tó ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣàìsàn, kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà rí i. Àwọn mìíràn ń fẹ́ kí wọ́n dá nọ́ńbà máìlì padà sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe é. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n ìtìjú wà lójú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn sì tó mi.

Ọ̀rẹ́ mi, ṣó o ti wá rí ohun tí mo rí ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sínú MiG-17 wa yẹn, tí mo rí géèjì epo tó dúró sí ìdajì? Abẹ́rẹ́ Creek Road ni mo rí.

Ohun tí mo fi oṣù méjì ṣe ò yàtọ̀ sí omi onítíì yẹn. Nínú IL-2, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ègé tirẹ̀, ó ní orúkọ tirẹ̀. Fáìlì kan tó ń jẹ́ hier.him ló ń sọ ibi tí oníkálùkù so mọ́. Fáìlì mìíràn tí wọ́n fi èdè Java kọ ló ń bi bàálù pé eré mélòó lò ń sá báyìí, tó sì ń yí abẹ́rẹ́. Láàárín ìbéèrè àti yíyí yẹn, ìlà nọ́ńbà kan wà: bí eré bá jẹ́ báyìí, kí igun jẹ́ báyìí. Ibẹ̀ ni irọ́ máa ń sá pamọ́ sí, torí pé ojú géèjì lè má pín dọ́gba. Àlàfo láti 200 sí 300 lè fẹ̀ ju ti 800 sí 900 lọ. Ẹni tó bá kàn pín in lọ́gbọọgba, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á tọ̀nà níbẹ̀rẹ̀ àti lópin, á máa parọ́ láàárín. Mo tẹ àwòrán ojú géèjì MiG sórí ìwé, mo yọ purotírátọ̀ tí mo fi ṣe WAEC, mo wọn igun nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbéra, mo mú eré dúró sójú kan, mo fi ẹ́kísípò pupa rẹ yẹn yẹ abẹ́rẹ́ wò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó yẹ ká máa fi lẹ́tà pupa yẹn ṣe nìyẹn.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní kíláàsì. Irú géèjì eré tó wà nínú MiG-15, tí wọ́n ń pè ní KUS-1200, abẹ́rẹ́ méjì ló ní, ọ̀kan sanra, ọ̀kan tín-ín-rín. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìṣe ni. Nílẹ̀, wọ́n jọ ń rìn pọ̀. Bí o bá ṣe ń lọ sókè ni wọ́n ń pínyà. Lókè réré, atẹ́gùn fẹ́lẹ́: ní 10,000 mítà, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ilẹ̀. Atẹ́gùn tó ń wọnú páìpù tí géèjì fi ń mọ eré ò wá ní agbára mọ́, abẹ́rẹ́ tó sanra á máa ka eré tó kéré sí èyí tí bàálù ń sá. Irọ́ kọ́ nìyẹn o. Atẹ́gùn fẹ́lẹ́ yẹn náà ló ń gbé ìyẹ́. Ohun tí ìyẹ́ ń rí ni abẹ́rẹ́ tó sanra ń sọ. Bí ìrìn àjò ṣe ń yá sí ni tín-ín-rín ń sọ. Òtítọ́ méjì lórí ojú kan náà. Ọjọ́ tí mo rí i tí méjèèjì pínyà dáadáa lójú kọ̀ǹpútà mi, aago méjì òru ni, wọ́n ti múná lọ, bátìrì ku díẹ̀ kó kú, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì òkè fi sọ bàtà lù mí.

Àti ìlà funfun ńkọ́? Lórí páálí géèjì MiG-15 àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n kun ìlà funfun kan tó ti òkè wá sísàlẹ̀ ní àárín. Bí bàálù bá ń yí bí òkòtó tó ń já bọ̀, tí orí awakọ̀ ti dàrú, ìlà yẹn ni á fi mọ àárín, á ti ọ̀pá ìdarí kọjú sí i. Kọ́kípíìtì àyálò wa ò ní in. Ọ̀dà lásán ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀dà. Kí ló dé tẹ́ ò kun ìyẹn?

O ní géèmù ni géèmù ń jẹ́. Jẹ́ kí n sọ ti èyí tí kì í ṣe géèmù. Géèjì kan wà tó ń fi hàn bóyá bàálù dúró ṣánṣán tàbí ó ti fì sí ẹ̀gbẹ́. Nínú bàálù Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù, àwòrán bàálù kékeré á dúró sójú kan, ìlà tó dúró fún ilẹ̀ á fì. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù Rọ́ṣíà ayé ìgbà yẹn, ìlà ilẹ̀ ló dúró, bàálù kékeré ló ń fì. Méjèèjì ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ̀kan, tó wá bá ara rẹ̀ lábẹ́ èkejì nínú òkùnkùn, lè yí bàálù síbi tí kò yẹ. Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2000, Crossair 498 gbéra ní Zürich ní Switzerland, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tó fi já. Èèyàn 10 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló kú. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 2008, Aeroflot 821 já nítòsí Perm ní Rọ́ṣíà, èèyàn 88 kú. Ọ̀gá awakọ̀ Crossair àti àwọn awakọ̀ Aeroflot náà, orí géèjì ti Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe géèjì nìkan ló fa ìjàǹbá méjèèjì, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kà á mọ́ ọn. Lọ sọ fún wọn pé ta ló ń wo géèjì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó dùn yín jù, "ti wa ni". Ẹ ní òrùka aláwọ̀ ewé àti funfun ti sọ bàálù náà di ti Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe di ti Nàìjíríà. Ní 1967, nígbà tí ogun Bìáfrà bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gowon wá bàálù ogun lọ sọ́dọ̀ Britain àti Amẹ́ríkà, wọn ò tà fún un. Rọ́ṣíà ló yíjú sí. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni MiG-17 bẹ̀rẹ̀ sí í dé, pẹ̀lú L-29 tí Czechoslovakia ṣe. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lè fò ó ò pọ̀, ìjọba bá gba àjòjì, ará Íjíbítì, àti Òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún, Gẹ̀ẹ́sì àti ará South Africa wà lára wọn. Rò ó wò ná: ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ka ẹsẹ̀ bàtà, ó bọ́ sínú bàálù tó ń ka mítà, lójú sánmà ilẹ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀. Bọ́ǹbù ogun yẹn bọ́ sórí ọjà, ó bọ́ sórí ilé ìwòsàn. Àwọn tí ìyá wọn wà nínú ọjà bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò wa l'Ajegunle, wọ́n ń ta nǹkan ní ojúlé kejì sí wa.

Ẹnì kan á ní, ṣebí ojúlówó rẹ̀ náà àyálò ni nígbà yẹn? Bẹ́ẹ̀ ni! Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ìta rẹ̀ ń sọ pé Nàìjíríà, inú rẹ̀ ń ka mítà Rọ́ṣíà, ọwọ́ àjòjì sì wà lórí ọ̀pá ìdarí. Bí o bá fẹ́ sọ ìtàn ogun wa fún ọmọdé tó ń ta géèmù, inú kọ́kípíìtì ni ìtàn náà wà. O wá yọ ọ́ kúrò, o fi ti Amẹ́ríkà, tó kọ̀ láti ta bàálù fún wa, rọ́pò rẹ̀, o ní "ti wa ni". Tí ẹnì kan nínú wa bá sì wá fẹ́ ṣe ti apá kejì, ìyẹn MFI-9B, bàálù ìkọ́ṣẹ́ kékeré tí Carl Gustaf von Rosen ará Sweden àti àwọn èèyàn rẹ̀ so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, tí márùn-ún rẹ̀ lọ kọlu Port Harcourt ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1969, mo bẹ̀ ẹ́, kó má yá kọ́kípíìtì MiG sí i. Kó wá bá mi, mo ní purotírátọ̀.

Mo gbà pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀rẹ́ mi sọ tó jẹ́ òótọ́. Mo pàdánù tẹ́ẹ̀sì kan nítorí géèjì gíga, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ò sì gbà mí láyè láti tún un ṣe. Mo sì tún gbà pé kò yẹ kí n pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní pánẹ́bítà lójú gbogbo ìpàdé. Pánẹ́bítà ní iṣẹ́ tiẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì mọ iṣẹ́ wọn ju bí a ṣe mọ tiwa lọ. Èyí tí mi ò ní gbà ni pé kí a gbé bàálù yìí fún àwọn ọmọ géèmù háùsì l'Ajegunle bó ṣe wà, bí ẹ ṣe ń gbèrò. Àwọn ọmọ yẹn máa gba ohun tí abẹ́rẹ́ bá sọ gbọ́. Kò sí ẹni tó máa sọ fún wọn pé àwòrán ni.

Géèjì eré ti tọ̀nà. Gíga ti tọ̀nà, ó ń ka mítà. Ìlà funfun ti wà níbẹ̀. Géèjì epo ló kù, òun ló sì le jù, torí mi ò tíì rí ojú rẹ̀ tó mọ́ dáadáa tí mo lè wọn igun rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa wà l'Ajegunle, lọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ẹlòmíràn báyìí, géèjì rẹ̀ ti kú, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ wo omi ní gbogbo bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù. Ọ̀rẹ́ mi, máa gbé láptọ́ọ̀pù rẹ bọ̀. Màá gbéra pẹ̀lú táńkì tó kún, ìwọ á gbéra pẹ̀lú ti àyálò rẹ, a ó pa lẹ́tà pupa, ẹni tó bá kọ́kọ́ já ló máa ra ẹ̀wà aganyin.